Ìkánjú Ní Í Ba Fíláàṣì Ara Dẹ́kódà Jẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Bí ọ̀rọ̀ yìí ti rí nínú ọ̀ràn ilé àti ọ̀nà, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí nínú ọ̀ràn ohun kékeré kan tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, tí ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá tí ń gbé ìpínlẹ̀ mìíràn ti sọ di àpótí ìṣúra wọn. Fíláàṣì ni ohun náà. Inú rẹ̀ ni a kó fídíò ìgbéyàwó àbúrò, ìsìnkú bàbá àti ìsọmọlórúkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n sí, ara dẹ́kódà tẹlifíṣọ̀n ni a sì ti ń wò ó. Níbi tí a ti ń wò ó náà ni ó ti lè bàjẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bí ọwọ́ tí ó fẹ́ yọ ọ́ kò bá ní sùúrù.

Ọ̀ràn yìí kan àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé Afaka ní Kaduna gbọ̀ngbọ̀n. Afaka wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Igabi. Ibẹ̀ ni ibùdó Nigerian Defence Academy wà, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1964, tí ń gba akẹ́kọ̀ọ́ láti gbogbo ìpínlẹ̀ Nàìjíríà. Ibẹ̀ náà ni a kọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ fún lílo ẹ̀rọ nínú iṣẹ́ igbó sí, lábẹ́ ilé iṣẹ́ ìwádìí nípa igbó tí olú ibùjókòó rẹ̀ wà ní Ìbàdàn. Iṣẹ́ ọba, òwò àti ẹ̀kọ́ ni ó gbé ọmọ Yorùbá dé irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, ọ̀nà ilé sì jìn. Láti ìgbà tí àwọn agbébọn ti jí akẹ́kọ̀ọ́ 39 gbé ní ilé ẹ̀kọ́ igbó náà ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2021, tí a sì kọlu ọkọ̀ ojú irin Àbújá sí Kaduna ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2022, ẹni tí ó bá fẹ́ rin ìrìn àjò a máa rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí kò bá lè dé ibi òkú ìyá rẹ̀ tàbí ibi ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, fíláàṣì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i ni yóò fi rí ohun tí ojú rẹ̀ kò bá. Bí irú fíláàṣì bẹ́ẹ̀ bá bàjẹ́, kì í ṣe owó rẹ̀ ni ó dun olówó. Ohùn ẹni tí ó ti kú, tí kò sí ibòmíràn tí a tún ti lè gbọ́ ọ, ni ó sọnù.

LÁTI ERIALI DÉ DẸ́KÓDÀ

Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n kọ́kọ́ dé ilẹ̀ yìí, kò sí ohun tí ń jẹ́ dẹ́kódà. WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, ti Kaduna sì tẹ̀lé e ní ọdún 1962. Ẹni tí ó bá ti ra tẹlifíṣọ̀n, tí ó sì gbé ọ̀pá eriali sí orí òrùlé, ti ṣe gbogbo ohun tí ó yẹ kí ó ṣe. Nǹkan yí padà nígbà tí ìjọba àpapọ̀ pinnu láti fi ọ̀nà ìgbéjáde àtijọ́ sílẹ̀ bọ́ sí ti oní-nọ́ńbà. Jos ni àjọ NBC, tí ń ṣe àkóso ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ní Nàìjíríà, ti kọ́kọ́ ṣí ètò tuntun náà ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 2016. Ó dé Kaduna àti Ìlọrin ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, ó sì dé Òṣogbo ní ọdún 2018.

Dẹ́kódà ni ó ń gba ìgbì tuntun náà, tí ó sì ń tú u sí àwòrán àti ohùn fún tẹlifíṣọ̀n tí kò lè dá a tú fúnra rẹ̀. Nínú àwọn dẹ́kódà wọ̀nyí, àti nínú àwọn tí ń lo àwo sátẹ́láìtì, ọ̀pọ̀ ni ó ní ihò pẹlẹbẹ kan níwájú tàbí lẹ́yìn tí a kọ USB sí lára. Ihò yìí ni a ń ki fíláàṣì bọ̀ láti wo fídíò, àwọn dẹ́kódà mìíràn sì lè gba ètò orí tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ sínú rẹ̀.

Kò tíì pẹ́ tí ọgbọ́n náà dé ayé. Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1996 ni àwọn ilé iṣẹ́ méje, tí Intel, IBM àti Microsoft wà lára wọn, gbé ìlànà USB àkọ́kọ́ jáde. Ṣáájú ìgbà náà, láàárín ọdún 1980 sí 1989, ni Fujio Masuoka, ọmọ ilẹ̀ Japan tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Toshiba, ti hùmọ̀ irú ìpamọ́ tí ó wà nínú fíláàṣì. Ọdún 2000 ni fíláàṣì tí a ń ki bọ ihò USB dé ọjà. Mẹ́gábáìtì 8 péré ni ọ̀kan nínú àwọn àkọ́kọ́ lè gbà. Èyí tí ó gba jígábáìtì 32 lónìí fi nǹkan bí ìlọ́po 4,000 jù ú lọ. Bí ohun tí ó ń gbà ti ń pọ̀ sí i ni ohun tí a lè pàdánù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ń pọ̀ sí i.

ÌWÉ TÍ A KÒ TÍÌ KỌ TÁN

Ohun tí ń fa ìbàjẹ́ náà kò hàn sí ojú, nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fi gbà pé ó wà. Bí dẹ́kódà bá ń gba ètò sílẹ̀, kì í kọ gbogbo rẹ̀ sínú fíláàṣì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. A kọ́kọ́ kó o sí ibi ìpamọ́ onígbà díẹ̀ nínú ara rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò máa dà á sínú fíláàṣì díẹ̀díẹ̀. Ó dàbí ìyá ọlọ́jà tí ọjà gbóná mọ́ lọ́wọ́: àpò ìdí rẹ̀ ni ó ń kó owó sí, ó di ìgbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀ kí ó tó jókòó kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹni tí ó bá já ìwé náà gbà kí ó tó kọ ọ́ tán kò lè bá iye tí ó pé níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ dẹ́kódà ni ó ń lo ètò ìṣiṣẹ́ tí a ń pè ní Linux. Bí a bá fi Linux sílẹ̀ bí ó ti wà láti ilẹ̀, ohun tí ó wà ní ìpamọ́ onígbà díẹ̀ lè pẹ́ tó nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30 kí ó tó di dandan fún un láti kọ ọ́ sínú fíláàṣì. Ìṣẹ́jú àáyá 30 kò tó nǹkan lójú ẹni tí ó jókòó, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń sáré lọ sí ibi iṣẹ́ lè yọ fíláàṣì ní ìgbà mẹ́wàá láàárín rẹ̀.

Èyí tí ó burú jù ni ti ìwé atọ́ka. Fíláàṣì kọ̀ọ̀kan ni ó ní ibi tí a kọ orúkọ àwọn fáìlì sí, àti ibi tí a kó ègé kọ̀ọ̀kan wọn sí. Nínú ìlànà FAT32 tí ọ̀pọ̀ dẹ́kódà ń lò, ojú kan náà ni a ti ń kọ ipa ọ̀nà gbogbo fáìlì. Bí a bá fa fíláàṣì yọ nígbà tí dẹ́kódà ń tún ibẹ̀ kọ, ètò tí a ń gbà sílẹ̀ nìkan kọ́ ni ó lè sọnù. Fídíò ìsìnkú tí ó ti wà níbẹ̀ láti ọdún mẹ́ta lè di ohun tí ẹ̀rọ kò rí mọ́. Fídíò náà kò kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mọ ọ̀nà ilé rẹ̀ mọ́.

Àwọn kan a máa jiyàn pé àwọn ti ń fa fíláàṣì yọ lára kọ̀ǹpútà láti ìgbà pípẹ́, tí kò sì sí ohun tí ó ṣe é. Àríyànjiyàn náà ní ìdí. Nínú ẹ̀dà Windows 10 kan tí ó jáde ní ọdún 2018 ni Microsoft ti yí ètò rẹ̀ padà, kí kọ̀ǹpútà má baà máa fi ohun tí ó fẹ́ kọ sínú fíláàṣì pamọ́ fún ìgbà díẹ̀ mọ́, kí yíyọ rẹ̀ lè yá. Ṣùgbọ́n dẹ́kódà kì í ṣe Windows, àti pé lára Windows pàápàá, a kì í fa fíláàṣì yọ nígbà tí kíkọ ń lọ lọ́wọ́.

Àwọn mìíràn ní bí ó bá léwu ni, àwọn tí ó ṣe é ìbá ti fi ààbò sí i. Wọ́n fi ààbò sí i lóòótọ́. Nínú irin pẹlẹbẹ mẹ́rin tí ó wà lẹ́nu USB àtijọ́, méjì tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́, tí ń gbé iná, gùn ju méjì àárín tí ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, kí iná lè kọ́kọ́ wọlé, kí ó sì gbẹ̀yìn jáde. Ìdí nìyí tí yíyọ rẹ̀ kì í fi í sábà jó ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ara ẹ̀rọ ni ààbò yìí wà fún. Kò sí ohun tí ó lè ṣe fún ọ̀rọ̀ tí a kò tíì kọ tán.

KÍKỌ TÍ KÒ HÀN SÓJÚ

Ẹlòmíràn yóò ní òun kò gba nǹkan kan sílẹ̀, wíwò ni òun ń wò. Òtítọ́ ni pé ewu wíwò kéré ju ewu gbígbà sílẹ̀ lọ. Síbẹ̀, àwọn dẹ́kódà kan ní ètò tí a ń pè ní Timeshift. Òun ni ó ń jẹ́ kí òǹwòran dá ètò tí ń lọ lọ́wọ́ dúró, kí ó lọ dá ẹni tí ó kan ilẹ̀kùn lóhùn, kí ó sì padà wá bá a níbi tí ó fi í sí. Kí èyí tó lè ṣeé ṣe, dẹ́kódà ní láti máa kọ ètò náà sínú fíláàṣì láìdúró, ó sì lè máa ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tẹ bọ́tìnnì ìgbàsílẹ̀ rárá. Ẹni tí ó rò pé òun kàn ń wo ìròyìn ti ń kọ nǹkan láti bí wákàtí kan láìmọ̀.

Bákan náà ni ti iná pupa. Bí a bá fi rìmóòtù pa dẹ́kódà, tí àwòrán kú, tí iná pupa sì yọ, ó dàbí ẹni pé ó ti sùn. Àwọn dẹ́kódà kan wà tí oorun wọn kò wọra: wọ́n lè máa parí ohun tí wọ́n ń kọ, wọ́n sì lè máa gba ètò tí a ti yàn fún wọn tẹ́lẹ̀. Iná pupa nìkan kò tó láti fi ṣe ẹ̀rí.

Ó tún yẹ kí a mọ ìyàtọ̀ láàárín fíláàṣì àti háàdì dísìkì, èyí tí àwọn tí ń gba ètò púpọ̀ sílẹ̀ máa ń lò. Inú háàdì dísìkì ni àwo kan ti ń yí kíákíá, tí orí kékeré kan sì ń rá bàbà lórí rẹ̀. Kò fẹ́ kí a gbé òun tàbí kí a mi òun nígbà tí àwo náà ń yí. Ihò USB 2.0 kò sì ṣe ìlérí ju mìlíáńpíà 500 lọ. Háàdì dísìkì mìíràn ń fẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí ó bá ń gbéra, àìtó iná náà sì lè mú kí ó máa kú, kí ó máa jí, títí tí ohun inú rẹ̀ yóò fi dàrú. Èyí tí ó ní wáyà iná tirẹ̀ ni ó yẹ dẹ́kódà.

Ọ̀NÀ TÍ Ó TỌ́

Ohun àkọ́kọ́ ni kí a dá gbogbo iṣẹ́ tí ń lọ lórí fíláàṣì dúró. Bí fídíò bá ń lọ, kí a tẹ bọ́tìnnì ìdádúró, kí a jáde kúrò nínú àkójọ fídíò. Bí ìgbàsílẹ̀ tàbí Timeshift bá ń lọ, kí a pa á pẹ̀lú rìmóòtù, kí a sì dúró títí àmì rẹ̀ yóò fi kúrò lójú tẹlifíṣọ̀n.

Ohun kejì ni kí a wá àṣẹ ìyọkúrò nínú dẹ́kódà. Kò ní orúkọ kan náà níbi gbogbo, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ní ojú kan náà. Lójú àwọn kan, "Remove USB" ni a kọ. Lójú àwọn mìíràn, "Safely Remove", "Eject" tàbí "Unmount". Ibi tí a ti ń yan fídíò tàbí ibi ètò USB ni a ti sábà ń rí i. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, dẹ́kódà yóò da gbogbo ohun tí ó kù lápò rẹ̀ sínú fíláàṣì, yóò pa ìwé náà dé, yóò sì sọ pé ó ṣeé yọ. Ìgbà náà ni kí a tó nawọ́ sí i. Bí ó bá sọ pé iṣẹ́ ṣì wà lórí rẹ̀, kí a gbà á gbọ́, kí a wá ohun tí ń lọ lọ́wọ́, kí a sì pa á.

Bí dẹ́kódà kò bá ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, kí a fi rìmóòtù pa á, kí a dúró tó ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kí a sì pa iná rẹ̀ lára ògiri kí a tó yọ fíláàṣì. Bí fíláàṣì bá ní iná kékeré tí ń ṣẹ́jú, kí a máà fọwọ́ kàn án nígbà tí ó bá ń ṣẹ́jú kíákíá. Orí rẹ̀ gan-an ni kí a dì mú, kí a fà á jáde ní gbọọrọ, kí a má ṣe lọ́ ọ sọ́tùn-ún sósì, nítorí pé ihò tí ó bá ti rọ̀ yóò máa já fíláàṣì tí ó bá tún wọ̀ ọ́.

Ó yẹ kí olórí ilé kọ́ àwọn ọmọ ní ìlànà yìí pẹ̀lú, nítorí pé àwọn ni ọwọ́ wọn yá jù lọ nídìí tẹlifíṣọ̀n.

BÍ NEPA BÁ MÚ INÁ LỌ

Ní Afaka, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ibi púpọ̀ ní Nàìjíríà, ọwọ́ ènìyàn nìkan kọ́ ní í dá iṣẹ́ dẹ́kódà dúró lójijì. NEPA ti di PHCN ní ọdún 2005, àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni sì ti gba iṣẹ́ pípín iná lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n NEPA náà ni orúkọ tí kò kúrò lẹ́nu ará ilé. Bí iná bá lọ nígbà tí dẹ́kódà ń kọ nǹkan sínú fíláàṣì, ọ̀kan náà ni pẹ̀lú kí a fa fíláàṣì yọ. Bákan náà ni ó rí nígbà tí a bá ń yí iná kúrò ní ti NEPA bọ́ sí ti jẹnẹrétọ̀. Ìṣẹ́jú àáyá méjì tí iná fi kú láàárín méjèèjì tó láti ba ìwé atọ́ka jẹ́.

Nítorí náà, bí iná bá lọ lójijì, ohun tí ó dára ni kí a yọ dẹ́kódà kúrò lára iná, kí a yọ fíláàṣì nígbà tí ohun gbogbo ti kú, kí a sì dúró kí iná tí ó padà dé fìdí múlẹ̀ kí a tó tún tàn án. Bí a bá mọ̀ pé a ó tan jẹnẹrétọ̀, kí a kọ́kọ́ dá ìgbàsílẹ̀ dúró. Ìdílé tí ó bá ní ìnfátà, kí ó fi wáyà dẹ́kódà sí ara rẹ̀. Iná tí dẹ́kódà ń lò kéré, kò lè dí i lọ́wọ́.

BÍ Ó BÁ TI BÀJẸ́

Bí a bá ki fíláàṣì bọ̀ ọ́, tí dẹ́kódà sì wí pé òun kò rí nǹkan kan níbẹ̀, tàbí tí ó béèrè bóyá kí òun ṣe "Format" rẹ̀, kí a má ṣe gbà. Ohun tí "Format" ń ṣe ni pé ó ń kọ ìwé atọ́ka tuntun tí kò sí orúkọ kankan nínú rẹ̀. Àwọn dẹ́kódà kan a máa béèrè èyí lọ́wọ́ fíláàṣì tí kò ní àìsàn kankan pàápàá, kí wọ́n tó lè gba ètò sínú rẹ̀. Fún ìdí èyí, fíláàṣì tí ohun ìrántí ìdílé wà nínú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a fi ń gba ètò tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀. Kí tibí máa jẹ́ tibí, kí tọ̀hún máa jẹ́ tọ̀hún.

Fíláàṣì tí ó bá ti kọ̀, kí a má ṣe tún kọ nǹkan tuntun sínú rẹ̀, nítorí pé ohun tuntun ni yóò gun orí ohun àtijọ́ tí a ń wá. Kí a gbé e tọ ẹni tí ó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà dáadáa, kí ó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà ohun tí ó bá rí nínú rẹ̀ kí ó tó gbìyànjú láti tún un ṣe. Àwọn ètò kọ̀ǹpútà wà tí a kì í sanwó fún, bíi TestDisk àti PhotoRec, tí wọ́n lè wá fáìlì tí ó sọnù kàn nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ni. Ìgbà gbogbo kọ́.

Ẹ̀DÀ KAN KÒ TÓ

Gbogbo ìṣọ́ra tí a ti ń kà bọ̀ yìí ń dín ewu kù, kò lè mú un kúrò pátápátá. Fíláàṣì fúnra rẹ̀ kì í wà títí láé. Ó lè bọ́ sọ́nà, ó lè bọ́ sómi, ó sì lè kú láìsí ìdí tí ojú rí. Àwọn tí ń fi iṣẹ́ àwòrán jẹun ní ìlànà kan tí wọ́n ń tẹ̀lé: kí ohun pàtàkì ní ẹ̀dà mẹ́ta, lórí ohun ìpamọ́ oríṣi méjì, kí ọ̀kan nínú wọn sì wà ní ibòmíràn. Ọmọ Yorùbá tí ń gbé òkèèrè rọrùn fún láti ṣe èyí, nítorí ilé méjì ni ó ní. Kí ọ̀kan wà nínú fíláàṣì ní Afaka, kí ọ̀kan wà nínú kọ̀ǹpútà tàbí háàdì dísìkì, kí ẹ̀kẹta sì wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ọ̀fà tàbí ibikíbi tí ilé bá wà.

Ẹni tí ó bá ń ṣe ẹ̀dà ètò tí dẹ́kódà gbà sílẹ̀, kí ó kó gbogbo fódà rẹ̀ lápapọ̀. Fáìlì kan nínú FAT32 kò lè tó jígábáìtì 4, nítorí náà dẹ́kódà a máa gé ètò gígùn sí méjì tàbí mẹ́ta. Ẹni tí ó bá kó ẹyọ kan ti fi ìyókù sílẹ̀ sẹ́yìn. Àwọn dẹ́kódà kan sì wà tí ohun tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ kì í ṣí lára ẹ̀rọ mìíràn. Kí a tètè dán an wò lára kọ̀ǹpútà, kí a má baà fi ohun tí kò ṣeé ṣí ránṣẹ́ sílé.

Àwọn baba wa kò ní fíláàṣì. Orí ahọ́n ni wọ́n tọ́jú oríkì sí, ẹnu ẹni púpọ̀ ni wọ́n sì fi í sí, tó bẹ́ẹ̀ tí ikú ẹnì kan kò fi lè pa á run. Ọgbọ́n náà ni ó yẹ kí a lò fún ohun tuntun tí ó dé yìí: kí a má ṣe fi gbogbo ìrántí ìdílé sí ojú kan, kí a sì má ṣe fi ìkánjú fa èyí tí ó wà lọ́wọ́ wa yọ. Ìṣẹ́jú méjì ni sùúrù náà ń fẹ́. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.